Ilé Ajẹ́lẹ̀ tó di mùsíọ́mù ní Kàlàbá

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ilé kan fún yín lónìí. Ilé onípákó ni, orí òkè ló wà ní Kàlàbá, ó sì ti lé ní ogóje ọdún tó ti wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó ló lé ọba àti ìjòyè ńlá kúrò nílùú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, mùsíọ́mù ni. Ẹ fara balẹ̀, ó gùn díẹ̀. 🧵

Àwa tí a ti apá Ilémọ̀nà àti Ọ̀fà wá, tí ẹnì kan bá ti pe "mùsíọ́mù", Èsìẹ́ lọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ. Tí ẹ kò bá mọ̀, Èsìẹ́ ní Kwara wa níbí ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà wà. Ọdún 1945 ni. Wọ́n kọ́lé fún àwọn ère òkúta tí wọ́n bá nínú igbó, tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ère ló kọ́kọ́ wà, kílé tó dé.

Ti Kàlàbá yàtọ̀. Níbẹ̀, ilé gan-an ni ẹrù tí wọ́n ń tọ́jú. Gbogbo nǹkan yòókù tí wọ́n kó sínú ẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n dé.

Old Residency ni wọ́n ń pè é. "Resident" ni oyè òyìnbó tó bá ń ṣàkóso ẹkùn kan. Tí wọ́n bá ní kí n fún un lórúkọ Yorùbá, mi ò ní ronú jìnnà: Ilé Ajẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ìbàdàn kó ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì, Ìlọrin náà ní tiẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọba. Kì í jókòó sórí ìtẹ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọba ìlú mọ̀ pé ogun wà lẹ́yìn ẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó bá sọ kì í bọ́ sílẹ̀. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ló bí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí nínú lọ́dún 1878. Ohun tó tẹ̀lé e ni ogun Kírìjì.

Ẹ fi àwòrán ajẹ́lẹ̀ yẹn sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ kílé yẹn tó dé. Lọ́dún 1849, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi John Beecroft ṣe kọ́ńsúlù, ìyẹn aṣojú wọn, létíkun wa. Fernando Po ló ń gbé, erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí. Lórí ìwé, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa bójú tó òwò àwọn èèyàn ẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ó ti dé Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ ogun. Oṣù Kejìlá 1851 ni wọ́n yìnbọn àgbá lu Èkó títí Kòsọ́kọ́ fi sá, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè.

Lọ́dún 1854, ọba Bonny, Pepple, òun náà bá tirẹ̀ lọ. Beecroft kan náà ni.

Ìtàn Kòsọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa níléèwé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹbí Èkó nìkan ni, iṣẹ́ ọ́fíìsì kan náà ni. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ọ̀hún kúrò lórí erékùṣù, ó bọ́ sí Kàlàbá. Ó sì nílò ilé.

Ilé yẹn kò hù ní Kàlàbá o. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti gé pákó ẹ̀, tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀ sínú ọkọ̀ òkun ní ègé-ègé. Ọdún 1884 ni wọ́n tò ó pọ̀ lórí òkè tó kọjú sí odò Kàlàbá. Ẹ ṣáà mọ àga inú páálí tí a máa ń rà báyìí, tí ìwé "bí ẹ ṣe máa tò ó" máa ń bá wá? Irú ẹ̀ ni, àmọ́ odindi ilé alájà ni tiwọn.

Igi páìnì pupa láti apá Scandinavia ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ! Kàlàbá o, ìlú tí igbó yí ká, ni wọ́n ń kó pákó wá fún láti òkè òkun.

Ẹ má rò pé òpè ni wọ́n wá bá níbẹ̀. Kí ilé náà tó dé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ìjòyè Éfíkì kan ti ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń kọ ọ́. Antera Duke, oníṣòwò Éfíkì, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tiẹ̀ láàárín 1785 sí 1788. Òwò ẹrú ló pọ̀ nínú ẹ̀, ká sọ òtítọ́. Kàlàbá wà lára ibi tí wọ́n ti kó èèyàn jù lọ sọ́kọ̀ ní etíkun yìí, àwọn ìjòyè ìlú sì jẹ nínú owó náà. Nígbà tí òwò ẹrú kú, epo pupa ló gba ipò ẹ̀. Epo yẹn ló ń fi ọṣẹ sílé àwọn òyìnbó, tó ń bá wọn pa ẹ̀rọ. Epo yẹn náà ni gbogbo ìjà tó kù dá lé.

Kọ́ńsúlù ọdún 1884 ni Edward Hyde Hewett. Wọ́n rán an kó máa lọ láti ìlú sí ìlú, kó gba ìbuwọ́lùwé àwọn ọba létíkun kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó gbà á. Ó pẹ́ dé Kamẹrúùnù. Ará Jámánì kan, Nachtigal, ti ri àsíá mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lóṣù Keje. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀ wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Hewett Apẹ́jù ni. Àmọ́ lẹ́sẹ̀ odò tiwa níbí, kò pẹ́ o. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn làwọn ìjòyè Kàlàbá tẹ̀ka sí tiwọn.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú ìwé yẹn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ààbò. Wọ́n ní Ọbabìnrin yóò dáàbò bo ìlú.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló kàn tẹ̀ka. Jaja ti Òpóbò béèrè ìtumọ̀. Ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti tà á sí Bonny lẹ́rú ní kékeré; ọgbọ́n ló fi goróyè, tó fi di ẹni tó dá ìlú tiẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: kí lẹ pè ní ààbò gan-an? Hewett kọ̀wé sí i pé Ọbabìnrin kò fẹ́ gba ilẹ̀ ẹ̀, kò sì fẹ́ gba ọjà ẹ̀. Jaja tún ní kí wọ́n yọ ìlà tó sọ pé kí gbogbo oníṣòwò máa tajà níbi tó bá wù wọ́n. Wọ́n yọ ọ́. Ìgbà yẹn ló tó buwọ́ lù ú.

Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn náà. Ọkùnrin tí wọ́n tà lẹ́rú ló ka ìwé àdéhùn ju àwọn tó kọ ọ́ lọ.

Ọdún mẹ́ta ni ààbò ọ̀hún fi dúró. Jaja kò jẹ́ kí àwọn oníṣòwò òyìnbó kọjá òun lọ sí ọjà epo tó wà lókè odò. Àwọn yẹn sunkún lọ bá ajẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń dele kọ́ńsúlù nígbà yẹn, lọ́dún 1887, ni Harry Johnston, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹ gbọ́ mi? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Ó ránṣẹ́ pe Jaja wá sípàdé, ó sì fi ọwọ́ sọ̀yà nínú ìwé pé kò sóhun tó máa ṣe é, yóò padà sílé. Nígbà tí Jaja débẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà: kó tẹ̀ lé wọn lọ jẹ́jọ́ ní Akra, tàbí kí wọ́n fi ìbọn àgbá fọ́ Òpóbò. Ọkọ̀ ogun Goshawk ló gbé e lọ.

Akra dá a lẹ́bi. Wọ́n gbé e lọ sí St Vincent, erékùṣù kan lọ́wọ́ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n máa gbà kó padà wálé lọ́dún 1891, ojú ọ̀nà ló kú sí, ní Tenerife.

Lẹ́yìn Jaja, ó kan Nana Olómù, olórí àwọn Ìtṣẹ́kírì lódò Benin. Òun náà ti buwọ́ lu ìwé Hewett ní 1884. Òun náà kò fẹ́ kí wọ́n gba ọjà epo lọ́wọ́ òun. Lóṣù Kẹsàn-án 1894, wọ́n fi ọkọ̀ ogun fọ́ ìlú ẹ̀, Ebrohimi. Nana sá gba inú omi lọ sí Èkó, ó lọ fara ẹ̀ sílẹ̀ fún gómìnà ibẹ̀, Gilbert Carter, ẹni tó rin ilẹ̀ Yorùbá kiri pẹ̀lú ìwé àdéhùn lọ́dún tó ṣáájú. Bóyá ó rò pé Èkó yóò ṣàánú òun. Èkó dá a padà sí Kàlàbá. Kàlàbá ni wọ́n ti ṣẹjọ́ ẹ̀, tí wọ́n sì lé e lọ sí Gold Coast. Ó dọdún 1906 kó tó fojú kan ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Oṣù Kọkànlá 1896. Ralph Moor tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá ní Kàlàbá ti lọ lo ìsinmi ẹ̀ nílé. James Phillips ló ń dele dè é. Phillips kọ lẹ́tà sí ìjọba ní London pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ yọ Ọba Benin lóyè. Ó ní owó tí iṣẹ́ náà máa ná wọn kò ní jẹ́ ìṣòro: eyín erin inú ààfin Ọba yóò tó o san.

Ẹ tún un kà. Ẹnikẹ́ni kò tíì pa òyìnbó kankan ní Benin. Ọkùnrin yìí ti wà lórí òkè tó ń ṣírò iye tí ẹrù inú ààfin elòmíràn yóò mú wá. Bí ẹnì kan bá tún sọ fún yín pé nítorí àwọn tí wọ́n pa lójú ọ̀nà nìkan ni wọ́n ṣe jagun Benin, ẹ fi ọjọ́ orí lẹ́tà yẹn hàn án.

Phillips kò dúró de èsì. Oṣù Kíní 1897 ló gbéra, wọ́n ní kó má ì wá nítorí Ọba ń ṣọdún, ó ní òun ń bọ̀. Àwọn jagunjagun Benin dá wọn lọ́nà. Òyìnbó méjì péré ló yọ nínú wọn. Àwọn aláàárù tó kú, ìwé ìtàn kì í sáábà dárúkọ wọn. Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọjọ́ 18 oṣù Kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Benin. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin. Iná jó ààfin.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ síbí, nítorí ó kàn wá nílé. Ọ̀sẹ̀ kan náà gan-an ni Ìlọrin ṣubú. Kì í ṣe Kàlàbá ló rán àwọn yẹn o. Ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ti Goldie ni, wọ́n ti kọ́kọ́ fọ́ Bídà lóṣù Kíní. Ọ̀sẹ̀ kan, oṣù Kejì 1897: Ìlọrin níbí, Benin lọ́hùn-ún. Ìlọrin tó ti ń fi ajẹ́lẹ̀ sílùú onílùú náà wá gba ajẹ́lẹ̀ tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń fa ìlà lórí ìwé lọ́dún 1900, wọ́n ka Ọ̀fà, Ilémọ̀nà àti gbogbo wa lápá ibẹ̀ mọ́ Ìlọrin, wọ́n kó wa sí Àríwá. Ọ̀nà Ọ̀ṣogbo tí a lè gun ọ̀kadà dé bọ́ sí apá kejì. Ìjà kí wọ́n dá wa padà sí Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn bàbá wa jà títí ọ̀rúndún tó kọjá fi gùn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó tó thread tirẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án lónìí.

Ó di ibi Ovonramwen. Oṣù Kẹjọ ló jáde wá fara ẹ̀ hàn. Wọ́n ṣẹjọ́ ẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ... ẹ sọ ọ́ fúnra yín.

Kàlàbá.

Ọba Benin wá ń gbé nílùú tí ajẹ́lẹ̀ ń gbé. Láti 1897 títí ó fi wàjà lóṣù Kíní 1914. Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó dé ibẹ̀, ní 1900, ìlú yẹn di olú ìlú gbogbo Gúúsù Nàìjíríà, Moor sì di ọ̀gá wọn. Ọba tí kò ní ìlú mọ́ wà nísàlẹ̀. Ẹni tó gba ìlú náà lọ́wọ́ ẹ̀ wà lókè. Ìgbà tí Ovonramwen wàjà tán ni Gẹ̀ẹ́sì tó gbà kí ọmọ ẹ̀ gorí ìtẹ́ Benin, Eweka Kejì.

Lọ́dún 1906, wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù, olú ìlú sì ṣí lọ sí Èkó. Ilé orí òkè rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Kò di àwókù o, àwọn aláṣẹ ẹkùn ṣì ń gbé ibẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ibi tí ayé ti ń yí mọ́.

Ọdún 1959 ni wọ́n kéde ilé náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ẹ kíyè sí ọdún yẹn: òmìnira ku ọdún kan. Lọ́dún 1986 ló wá di mùsíọ́mù, lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí. Tí ẹ bá wọlé, ẹ máa rìn láti ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, dé òwò ẹrú, dé epo pupa, dé àwọn ajíhìnrere, dé ìjọba òyìnbó, títí dé òmìnira.

Ohun tó máa ń jẹ mí lọ́kàn nípa ilé yìí rèé. Irú ìtàn báyìí, ìwé ló pọ̀ jù nínú ẹ̀: àdéhùn, lẹ́tà, ìròyìn, àwòrán. Ta ló kọ wọ́n? Ajẹ́lẹ̀ ni. A mọ ohun tí Phillips ń rò nítorí ó kọ ọ́. A mọ ìbéèrè Jaja nítorí Jaja mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà jà, wọ́n sì tọ́jú ìdáhùn. Àmọ́ kí ni Ovonramwen ń sọ nílé ẹ̀ lálẹ́ ní Kàlàbá fún ọdún mẹ́rìndínlógún? Àwọn aláàárù Phillips ńkọ́? Ilé tó tọ́jú ìwé kò lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n wó irú ilé bẹ́ẹ̀, pé kí la fẹ́ fi ilé amúnisìn ṣe. Èmi ò fara mọ́ ọn. Tí ilé bá wó, ìtàn ibẹ̀ yóò dà bí àlọ́. Báyìí, ẹ lè fọwọ́ kan pákó. Ẹ lè dúró níbi tí wọ́n ti ń wo ìsàlẹ̀. Ìbẹ̀rù tèmi ni òjò. Kàlàbá wà lára àwọn ìlú tí òjò ti ń rọ̀ jù ní Nàìjíríà, igi páìnì sì ni ilé yìí. Ohun tí òjò àti ikán lè ṣe fún pákó tí wọ́n bá gbójú kúrò lára ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹ̀hónú tó lè ṣe é.

Kàlàbá nìkan kọ́ ló ń ṣe irú èyí. Ní Lómè, àwọn ará Jámánì kọ́ ààfin gómìnà láàárín 1898 sí 1905, létí òkun níbẹ̀. Faransé gbà á, Tógò gbà á, ó wá wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń lò ó fún ohun tó lé ní ogún ọdún, igbó bò ó. Ìjọba Tógò fi owó tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i lóṣù Kọkànlá 2019 bí ibùdó iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Ara ohun tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ níbẹ̀ ni ohun oyè àwọn ọba Tógò. Ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n òyìnbó ní Broad Street di Freedom Park, níbi tí ẹ̀yin kan nínú yín ti ń lọ jó lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò bá yín wí o, èmi náà ti jó níbẹ̀.

Àmọ́ nínú gbogbo wọn, ti Kàlàbá ló máa ń dá mi dúró jù, nítorí ẹ̀rí ibẹ̀ kò jìnnà síra. Iṣẹ́ idẹ Benin tí Jámánì dá ogún nínú wọn padà lóṣù Kejìlá 2022, tí Netherlands dá 119 padà ní 2025, tí gbogbo ayé ń jà lé lórí, ara ohun tí Phillips ti ń fojú wọ̀n láti ibẹ̀ ni.

Tí ẹ bá lọ jó kàníífà ní Kàlàbá lóṣù Kejìlá, ẹ yọ òwúrọ̀ kan sọ́tọ̀, kí ẹ gun òkè yẹn. Ẹ wọlé, ẹ ka ohun tó wà lára ògiri, ẹ má sáré. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde sí fàráńdà, kí ẹ wo odò. Gbogbo wọn ló gba orí omi: ọkọ̀ tó gbé ilé náà wá ní ègé-ègé, èyí tó gbé Nana wá láti Èkó, èyí tó gbé Ovonramwen dé.

Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, jọ̀ọ́, fi fọ́tò sí ìsàlẹ̀ fún wa. Ti fàráńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i.